Ilé Ìsinmi Tí Ẹnikẹ́ni Ò Fẹ́ Wọ̀

Ní àárọ̀ ọjọ́ tí a fẹ́ ṣí ilé náà, gbogbo ohun tó yẹ kó wà níbẹ̀ ló wà, àfi àwọn tí a tìtorí wọn tún un ṣe. Kánópì wà. Àga oníke wà, wọ́n tò wọ́n bí ẹni pé ìyàwó la fẹ́ gbé. Alága ìjọba ìbílẹ̀ wà, ó wọ agbádá tó le bíi páálí. Ọ̀mọ̀wé tó wá láti ìlú ńlá wà, ó ń ka ọ̀rọ̀ tó fẹ́ sọ sí ara rẹ̀ létí, ọ̀rọ̀ náà sì ń wú u lórí. Ayàwòrán wà. Kódà àwọn ewúrẹ́ tí a lé kúrò nínú ilé náà wà, wọ́n dúró lápá kan, wọ́n ń wò wá bí onílé ṣe ń wo ayálégbé tí kò mọ̀wà hù. Ṣùgbọ́n kò sí ìyá kan. Kò sí arọ kan. Oòrùn Òkè-Ògùn, tí kì í wojú olóyè, ti ń jẹ Alága lórí.

"Àǹtí Wẹ́fíà," Alága pè mí, "àwọn èèyàn yín dà?"

Nígbà tí nǹkan bá dára, èèyàn wa ni wọ́n. Nígbà tí kò bá dára, wọ́n á di èèyàn mi.

"Wọ́n ń bọ̀, sà," ni mo dáhùn, mo sì ń wo ojú ọ̀nà bí ẹni tó ń retí ọkọ̀ tó ti lọ.

Mi ò ní dárúkọ ìlú náà, nítorí pé ibẹ̀ ni mo ti ń ra gàárì títí di òní. Ẹ ṣáà mọ̀ pé tí ẹ bá kúrò ní Ìsẹ́yìn, tí ẹ kọjú sí ọ̀nà Ìgànná, tí eruku pupa bá ti pa aṣọ funfun yín láró, ẹ ti fẹ́rẹ̀ẹ́ débẹ̀. Wẹ́fíà ni wọ́n ń pe ọ́fíìsì wa, ìyẹn ni ẹ̀ka tó ń rí sí ọ̀rọ̀ àwọn tí ìyà ń jẹ. Ìmọ̀ nípa àwùjọ ni mo kọ́ ní yunifásítì. Àwùjọ ò gbọ́ nípa rẹ̀. Ọdún àkọ́kọ́ tí mo débẹ̀, tí mo bá ti dé ojúlé kan, wọ́n á kọ́kọ́ bi mí bóyá ọ̀rọ̀ ìdọ̀tí ni mo bá wá, nítorí pé wọlé-wọlé nìkan ni òṣìṣẹ́ káńsù tí wọ́n mọ̀.

Ní ọ́fíìsì wa, a kì í sọ pé arọ, a kì í sọ pé afọ́jú. Àkàndá ẹ̀dá là ń pè wọ́n. Orúkọ tó dùn létí ni, ó sì ń mú kó rọrùn láti má ṣe ohunkóhun fún wọn, nítorí pé ẹni tó bá ti jẹ́ àkàndá, kí ló tún ń wá? Lọ́dọọdún, a máa ń yan ọjọ́ kan fún wọn. A ó fún wọn ní sìpàgẹ́tì, a ó sì ya fọ́tò. Àga onítáyà kan wà ní sítóò wa tó jẹ́ pé ọjọ́ yẹn nìkan ló ń rí oòrùn. Ó ti bá oríṣiríṣi alága ya fọ́tò, ó sì mọ bí wọ́n ṣe ń dúró fún kámẹ́rà ju àwọn mìíràn nínú wọn lọ.

Ṣùgbọ́n obìnrin tó ń gbé àkàndá ẹ̀dá yìí, tó ń wẹ̀ ẹ́, tó ń fi oúnjẹ sí i lẹ́nu, tó ń fọ aṣọ tó tọ̀ sí, òun kò ní orúkọ kankan lọ́dọ̀ wa. Ìyá ni. Ìyàwó ni. Ẹ̀gbọ́n obìnrin ni. Wọn kì í fún un ní sìpàgẹ́tì pàápàá.

Ìyá Sàdíà ni mo kọ́kọ́ mọ̀ nínú wọn. Alágàárì ni. Àwọn tó mọ gàárì dáadáa ní ìlú náà máa ń sọ pé èyí tó bá yan, bí èèyàn bá da omi sí i, kì í sáré wú bí ọmọ aláṣejù. Ọmọ rẹ̀ obìnrin kan ṣoṣo, Sàdíà, ni gìrì mú nígbà tó wà lọ́mọ ọwọ́. Láti ìgbà náà, ẹsẹ̀ rẹ̀ méjèèjì kò ṣiṣẹ́, ọwọ́ òsì rẹ̀ kò ṣiṣẹ́, ṣùgbọ́n ẹnu rẹ̀ ń ṣe iṣẹ́ àṣekún fún gbogbo wọn. Nígbà tí mo fi mọ̀ wọ́n, ọmọ náà ti fẹ́rẹ̀ẹ́ ga tó ìyá rẹ̀, síbẹ̀ ẹ̀yìn ìyá rẹ̀ ló wà. Bí wọ́n bá ń lọ lójú ọ̀nà, ẹsẹ̀ Sàdíà á máa wọ́ nílẹ̀ tuurutu.

Ọjọ́ tí mo kọ́kọ́ wọ ilé wọn, ọmọ náà wò mí láti orí ẹní.

"Àǹtí, ṣé ẹ̀yin ni ìjọba?"

"Mo ń bá wọn ṣiṣẹ́ ni."

"Ó hàn. Ẹ ti jókòó kí wọ́n tó ní kí ẹ jókòó."

"Sàdíà!" Ìyá rẹ̀ fi ọwọ́ bo ẹnu. "Ẹ jọ̀ọ́, Àǹtí, ẹ má dá a lóhùn. Ẹnu ẹ̀ ni Ọlọ́run fi ṣe ẹsẹ̀ fún un."

Nọ́ọ̀sì ti kìlọ̀ fún Ìyá Sàdíà pé bí kò bá yéé pọn ọmọ náà, kò ní pẹ́ tí yóò fi di ẹni méjì tí wọ́n ń gbé nínú ilé náà. Kò lè yan gàárì mọ́ bíi tàtẹ̀yìnwá, nítorí pé ẹni tó bá jókòó ti agbada kò lè máa dìde lọ wo ọmọ nílé, kí gàárì má jó. Ẹ̀gbọ́n ọkọ rẹ̀ ti wá dá ẹjọ́ náà: bí àkọ́rọ̀ òjò bá ti rọ̀, kí wọ́n gbé Sàdíà lọ sí abà, sọ́dọ̀ ìyá arúgbó kan. Mo mọ abà náà. Bí ilẹ̀ bá ti mọ́, gbogbo èèyàn á gba oko lọ, ìyá arúgbó náà á bá wọn lọ, wọ́n á sì ti ilẹ̀kùn mọ́ ọmọ títí di ìrọ̀lẹ́. Kì í ṣe pé èèyàn burúkú ni wọ́n. Ilẹ̀kùn títì ni ìtọ́jú tí agbára wọn ká.

"Àǹtí," Ìyá Sàdíà sọ fún mi, "tí mo bá lè rí ibì kan gbé e sí láti àárọ̀ di ìrọ̀lẹ́, kí ẹnìkan ṣáà máa fojú sí i lára, wàláì, kò sẹ́ni tó máa gbé e lọ sí abà kankan."

Kò bèèrè ju ìyẹn lọ. Mo sì mọ ilé tó lè gbà á. Dìsìpẹ́ńsárì àtijọ́ wà nítòsí ọjà, wọ́n ti pa á tì láti ìgbà tí wọ́n ti kọ́ tuntun, àwọn ewúrẹ́ ló ń gba ìtọ́jú níbẹ̀. Mo bẹ̀rẹ̀ sí í fi ọ̀rọ̀ ilé yẹn yọ káńsù lẹ́nu. Bí wọ́n bá ń jíròrò lórí ọ̀nà, màá ní ọ̀nà náà gba iwájú dìsìpẹ́ńsárì kọjá. Bí wọ́n bá ń jíròrò lórí omi, màá ní kànga wà lẹ́yìn rẹ̀. Nígbà tí wọn ò dáhùn, mo kó Ìyá Sàdíà àti àwọn obìnrin bíi tirẹ̀ lọ sí ìpàdé wọn, a sì jókòó sẹ́yìn.

Káńsẹ́lọ̀ kan dìde. Ó ṣàlàyé fún wa pé ìtọ́jú aláìsàn, iṣẹ́ obìnrin ni, àti pé Ọlọ́run tó gbé iṣẹ́ náà fún obìnrin ti fún wọn lágbára rẹ̀. Ó fẹ́ máa bá a lọ nígbà tí Màmá Ráfíù na ọwọ́. Ìyá àgbà yìí ló ń tọ́jú ọkọ rẹ̀ láti ìgbà tí rọpárọsẹ̀ ti kọlu ọkùnrin náà ní apá kan, ọkọ náà sì sanra.

"Káńsẹ́lọ̀, ẹ ṣé o. Ọlọ́run fún mi lágbára lóòótọ́. Ṣùgbọ́n ẹ tẹ̀lé mi délé nísinsìnyí, ẹ wá bá mi yí Bàbá Ráfíù padà sí ẹ̀gbẹ́ kejì lẹ́ẹ̀kan péré. Tí ẹ bá tún lè nàró sọ̀rọ̀ lẹ́yìn ẹ̀, màá gbé ọ̀rọ̀ yín mì."

Akọ̀wé ìpàdé ló kọ́kọ́ bú sẹ́rìn-ín. Nígbà tí ẹ̀rín máa fi rọlẹ̀, wọ́n ti fún wa nílé náà.

Ìgbà yẹn ni Ọ̀mọ̀wé dé. Ẹgbẹ́ kan ní ìlú ńlá ló rán an wá kí ó fi ọ̀dà àti ìmọ̀ràn ràn wá lọ́wọ́. Ọ̀dà náà dára. Ó ní ọ̀rọ̀ Òyìnbó kan tí wọ́n ń lò níbi tí ayé ti lajú, tó túmọ̀ sí pé kí ẹni tó ń tọ́jú aláìsàn rí àyè mí díẹ̀. Ọ̀mọ̀wé jókòó sínú òtẹ́ẹ̀lì níbi tí afẹ́fẹ́ tútù wà, ó yí ọ̀rọ̀ náà sí Yorùbá fúnra rẹ̀, ó sì fi ránṣẹ́ sí àwọn tó ń tẹ bánà. Wọn kò fi hàn mí. Bánà náà dé láàárọ̀ ọjọ́ ìṣílé, ó gùn ju ilé náà lọ, wọ́n sì so ó kọ́ kí n tó débẹ̀.

Mo ti dúró sábẹ́ rẹ̀ fún ìgbà pípẹ́, tí Alága ń nu òógùn, tí mò ń wo ojú ọ̀nà, nígbà tí ọlọ́kadà kan dé. Ó rọra dín eré kù. Ó ṣí fìlà. Ó wo bánà, ó wo Alága, ó wá kẹ́dùn.

"Ẹ kú ọ̀rọ̀ èèyàn o. Ọlọ́run á dáwọ́ ibi dúró. Àwọn mélòó ló kú?"

Nígbà náà ni mo yíjú wo ohun tó wà lókè orí mi. Àwọ̀ bánà náà jẹ́ ẹlẹ́sẹ̀ àlùkò. Àdàbà funfun kan ń fò ní igun kan. Abẹ́là ń jó ní igun kejì. Láàárín wọn, wọ́n fi lẹ́tà gàdàgbà kọ ọ́ pé: ILÉ ÌSINMI FÚN ÀWỌN ÀKÀNDÁ Ẹ̀DÁ ÀTI ÀWỌN ÌYÁ WỌN. Nísàlẹ̀ rẹ̀: Ẹ WÁ, Ẹ GBÉ ẸRÙ YÍN KALẸ̀.

Bẹ́ẹ̀, kò sí ọmọ Yorùbá tí kò mọ ẹni tí wọ́n ń sọ pé ó ti lọ sinmi.

Mo gbìyànjú láti ṣàlàyé fún Ọ̀mọ̀wé. Ó ní ìtumọ̀ náà péye. Mo ní bẹ́ẹ̀ ni, ibojì náà péye. Alága kò dúró gbọ́ wa. Láti ìbẹ̀rẹ̀ ni ó ti fẹ́ fi ilé náà ṣe ilé àlejò, níbi tí àwọn èèyàn pàtàkì yóò máa sùn bí wọ́n bá wá láti Ìbàdàn, bó tilẹ̀ jẹ́ pé n kò tíì rí èèyàn pàtàkì tó sùn ní ìlú wa rí.

"Wọn ò nílò rẹ̀ nìyẹn," ó ní, ó sì ń ká agbádá sí èjìká. "Tí èmi bá padà wá lọ́jọ́ ọjà tó ń bọ̀, tí ẹnikẹ́ni ò sí nínú ilé yìí, péńtà ni mo máa mú dání. Ilé àlejò ló máa kọ sí i."

Ojú sánmọ̀ lápá ìlà-oòrùn ti ń ṣú lọ́jọ́ náà. Àkọ́rọ̀ òjò kò jìnnà.

Ilé Màmá Ráfíù ni mo gbà lọ tààrà, mo sì bá Ìyá Sàdíà àti àwọn ìyókù níbẹ̀. Wọ́n ti rí bánà náà, wọ́n sì sá pamọ́ síbẹ̀ ni. Bàbá Ráfíù wà lórí ibùsùn, ó fi ojú kan wò mí. Rọpárọsẹ̀ ti mú kí ọ̀rọ̀ máa jáde lẹ́nu rẹ̀ lọ́kọ̀ọ̀kan, ṣùgbọ́n kò dín oró wọn kù.

"Wẹ́fíà... ibojì... tèmi... ibo... lẹ gbẹ́ ẹ... sí?"

"Bàbá, ẹ dákun. Àṣìṣe ni. Ibi tí wọ́n á ti máa tọ́jú yín ní ọ̀sán ni, kí Màmá lè lọ síbi iṣẹ́ wọn."

"Ṣé ẹ gbọ́ mi lẹ́nu?" Màmá Ráfíù sọ fún àwọn yòókù. "Mo ní ìjọba ò lè gbẹ́ ibojì lọ́fẹ̀ẹ́. Wọn ò gbẹ́ kànga fún wa rí."

Wọ́n rẹ́rìn-ín, ṣùgbọ́n ẹnikẹ́ni ò dìde. Ìyá Sàdíà ló wá sọ ohun tó wà nínú wọn.

"Àǹtí, kódà kó jẹ́ ilé tó dáa, ta ni mo fẹ́ gbé ọmọ mi fún? Tí mo bá gbé e fún ìjọba, gbogbo àdúgbò á ní mo ti jọ̀wọ́ ẹ̀. Wọ́n á ní mo ti gbé ẹrù kalẹ̀ lóòótọ́, gẹ́gẹ́ bí wọ́n ṣe kọ ọ́. Sàdíà kì í ṣe ẹrù."

Ọ̀rọ̀ yẹn gún mi. Mo jókòó sórí àpótí. Ṣakí ni wọ́n bí mi sí, àgbẹ̀ sì ni bàbá mi. Ohun tó wá sí mi lọ́kàn nígbà náà kì í ṣe ohun tí mo kọ́ ní yunifásítì. Mo rántí àwọn ọkùnrin tó máa ń wá ro oko bàbá mi. Bàbá mi kò dúpẹ́ lọ́wọ́ wọn bí ẹni tí wọ́n ta lọ́rẹ, nítorí pé oko ẹnìkan nínú wọn ni òun náà ń lọ tó bá di ọjọ́ kejì. Àáró ni. Bá mi ro tèmi lónìí, n ó bá ọ ro tìrẹ lọ́la. Ẹni tó ń ṣe àáró kì í tọrọ, kò sì sí ẹni tó lè sọ pé ó jọ̀wọ́ oko rẹ̀.

"Màmá," mo bi Màmá Ráfíù, "ṣé ẹ ti ṣe àáró rí?"

"Ta ni kò ṣe àáró rí?"

"Ẹ jẹ́ ká fi èèyàn ṣe é. Ní ọjọ́ tí ó bá kàn yín, ẹ̀yin àti ẹnì kejì yín á jókòó ti gbogbo wọn nínú ilé yẹn. Àwọn yòókù á lọ síbi iṣẹ́. Tó bá dọ̀la, ẹlòmíràn á jókòó, ẹ̀yin náà á lọ."

Màmá Ráfíù ya ẹnu.

"Kí n fi ọkọ mi ṣe àáró? Kí obìnrin mìíràn máa fi ṣíbí fún ọkọ mi lóúnjẹ?"

"Ẹ... jẹ́... n... lọ," ni Bàbá Ráfíù wí láti orí ibùsùn.

Ẹ̀rín tó sọ nínú ilé náà, àwọn tó ń kọjá ní ìta dúró. Màmá Ráfíù rẹ́rìn-ín títí omi fi bọ́ lójú rẹ̀, ó ní láti ìgbà tí àìsàn ti dá ọkọ òun dùbúlẹ̀, ọjọ́ náà ni òun kọ́kọ́ gbọ́ pé ó fẹ́ jáde. Ó ní òun ló máa kọ́kọ́ jókòó, kí òun lè mọ irú obìnrin tó ń fi ṣíbí fúnni lóúnjẹ.

Ní ọjọ́ kejì, a já bánà náà lulẹ̀. Màmá Ráfíù yí ẹ̀yìn rẹ̀ síta, ó sì fi èédú kọ ILÉ ÀÁRÓ sí i, lẹ́tà náà rí wọ́gọwọ̀gọ, ṣùgbọ́n kò sẹ́ni tó bi wá bóyá òkú kú. Ìyá Sàdíà pọn ọmọ rẹ̀ dé. Ó tẹ́ ẹní, ó gbé e lé e, ó to ìrọ̀rí sí i lẹ́yìn. Ó tún ìrọ̀rí tò. Sàdíà fi ọwọ́ rẹ̀ tó ń ṣiṣẹ́ di etí ìró ìyá rẹ̀ mú. Wọ́n wà bẹ́ẹ̀. Nígbà tó yá, ọmọ náà tú ọwọ́ rẹ̀ sílẹ̀ fúnra rẹ̀. Ìyá rẹ̀ jáde, kò wẹ̀yìn, ó gba ọ̀nà àtíbàbà àwọn alágàárì lọ bí ẹni tó ń kọ́ ìrìn.

Nígbà tí ọjọ́ ọjà fi pé, ilé ti kún. Ìyá kan tilẹ̀ mú àbúrò rẹ̀ tó fọ́jú wá láti abà. Alága dé pẹ̀lú àwọn èèyàn rẹ̀, pẹ̀lú Ọ̀mọ̀wé, pẹ̀lú ayàwòrán, pẹ̀lú péńtà tó gbé garawa ọ̀dà dání. Bàbá Ráfíù ni wọ́n gbé àga rẹ̀ sí ẹnu ọ̀nà. Ó na ọ̀pá rẹ̀ dábùú.

"Alága... bọ́... bàtà. A ti... nulẹ̀."

Àwọn ọlọ́jà ti ń dúró wò wá. Alága wo ọ̀pá, ó wo àwọn olùdìbò, ó bọ́ bàtà. Ó wọlé, ó rí àwọn èèyàn lórí ẹní, ó rí ìyá méjì tó ń fún wọn ní ẹ̀kọ.

"Àwọn ìyá wọn yòókù dà?" ó bèèrè.

"Wọ́n ti lọ síbi iṣẹ́, sà."

"Gbogbo wọn?"

"Àfi àwọn méjì tí àáró kàn lónìí."

Ọ̀mọ̀wé sún mọ́ mi, ó fi ohùn jẹ́ẹ́jẹ́ sọ pé àwọn nílò ìyá kan tó ń sunkún ọpẹ́, fún fọ́tò.

"Ẹ máa rí wọn lábẹ́ àtíbàbà alágàárì," mo ní. "Omi ń bọ́ lójú wọn níbẹ̀ dáadáa. Ṣùgbọ́n èéfín ni."

Màmá Ráfíù, tí àáró kàn lọ́jọ́ náà, kò lè pa á mọ́ra, ó bú sẹ́rìn-ín, àwọn ọlọ́jà sì gbà á lẹ́nu rẹ̀. Olóṣèlú gidi ni Alága, ó mọ ìgbà tí afẹ́fẹ́ bá yí. Ó kọjú sí èrò, ó sọ fún wọn pé láti ìgbà tí òun ti gorí àlééfà ni òun ti ní àáró lọ́kàn. Mo pàtẹ́wọ́ fún un. Ẹni tó bá fẹ́ kí ilé dúró kì í bá ẹni tó fẹ́ gba orúkọ rẹ̀ jà.

"Sà," mo ní, "péńtà ti dé. Kí ọ̀dà má gbẹ dànù."

Bí wọ́n ṣe kọ ILÉ ÀÁRÓ sára ògiri nìyẹn, pẹ̀lú ọ̀dà tí wọ́n gbé wá fún ilé àlejò, ní ojú gbogbo ọjà. Kí oṣù tó parí, káńsù fi ọwọ́ sí i pé ilé náà di ti àwọn obìnrin wọ̀nyí. Wọ́n fi sìmẹ́ǹtì ṣe ibi gẹ̀rẹ́gẹ̀rẹ́ sí ẹnu ọ̀nà kí àga onítáyà lè gùn ún, wọ́n sì gba òṣìṣẹ́ kan tó ń ran àwọn tí àáró bá kàn lọ́wọ́. Àwọn obìnrin Ìwéré-Ilé wá wò ó, wọ́n sì lọ bẹ̀rẹ̀ tiwọn. Òjò rọ̀. Iṣẹ́ oko bẹ̀rẹ̀. Ẹ̀gbọ́n ọkọ Ìyá Sàdíà yọ sí wa ní àárọ̀ ọjọ́ kan, mo sì ti ń to ọ̀rọ̀ líle sẹ́nu dè é, àfi bó ṣe gbé ìyá tirẹ̀ sọ̀kalẹ̀ lórí ọ̀kadà, tó ń bèèrè bóyá àyè ṣì wà.

Ní ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ kan báyìí, mo jókòó sórí pèpéle ilé náà nígbà tí Ìyá Sàdíà dé láti ibi iṣẹ́, ìyẹ̀fun gàárì wà ní apá rẹ̀ méjèèjì. Sàdíà àti Bàbá Ráfíù ń ta ayò. Ọwọ́ kan ni ẹnì kọ̀ọ̀kan wọn fi ń ta á, èébú ni wọ́n sì fi ń rọ́pò ìkejì.

"Sàdíà, ó yá, ká máa lọ sílé."

Ọmọ náà kò gbójú sókè. "Màmi, ẹ ti tètè dé jù. Mo ti fẹ́rẹ̀ẹ́ jẹ bàbá yìí tán. Ẹ ṣì lọ kiri ọjà ná."

Ìyá Sàdíà dúró lójú kan, ẹ̀yìn rẹ̀ gún, kò pọn ẹnikẹ́ni. Ó wò mí, ó wo ọmọ rẹ̀. Lẹ́yìn náà ó ní kí n sún, ó jókòó tì mí, ó na ẹsẹ̀ rẹ̀ méjèèjì síwájú, ó sì ń dúró dè é.